Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń pọ̀ sí i, Kristi fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ará_Òkè_Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde) béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ẹgbẹ́ àdúrà ilé wa jẹ́ èèyàn méjìlá, alẹ́ Ọjọ́rú la máa ń pàdé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan ló ń bá wọn jà. Wọn kì í mutí, wọn kì í pa ìsìn jẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló wà nínú ìgbìmọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, béèyàn bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n kà nípa Jésù láàárín ọ̀sẹ̀, ńṣe ni gbogbo ilé máa ń dákẹ́ lọ gbári. Fóònù ló ni òwúrọ̀. Ọjà tàbí ọ́fíìsì ló ni ọ̀sán. Tẹlifíṣọ̀n àti ìpàdé ló ni alẹ́. Ọ̀wàńbẹ̀ ló ni Sátidé. Tó bá wá di Sọ́ńdè, ara á ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa tòògbé nígbà ìwàásù.

Mo ń ronú nípa Máàkù orí 4, àwọn ẹ̀gún tó fún irúgbìn pa. Àníyàn ayé àti ìtànjẹ ọrọ̀ ni Olúwa pe ẹ̀gún yẹn, kò dárúkọ olè tàbí àgbèrè níbẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí fún ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí a máa gbàdúrà sí i. Ìṣẹ́jú mélòó? Orí wo nínú Bíbélì? Níbo lèèyàn máa jókòó sí? Kí ni kí a ṣe sí fóònù yẹn? Kí ló sì máa ń bà á jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

Ìyá_Kíláàsì (Ṣágámù):

O kú ìbéèrè, ọmọ mi. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n máa ń gbé lé ara wọn lórí máa ń pọ̀ jù. Ẹni tí kò ka odindi orí kan láti bí oṣù mẹ́fà á dìde lọ́jọ́ kìíní oṣù, á ní wákàtí kan lóun fẹ́ máa lò, orí mẹ́rin lójúmọ́, ààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti Ẹtì. Kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti já. Ìtìjú á wá mú un, kò sì ní fẹ́ padà débẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi kún un títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi máa pé, bó tilẹ̀ ń wù ú.

Ìhìn Rere Máàkù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Orí 16 péré ni, orí kan lóòjọ́. Orí 14 gùn, ẹsẹ 72 ló ní, ẹ lè pín in sí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n bọ́ sí Lúùkù tó ní orí 24, kí wọ́n tó lọ sí Jòhánù tó ní 21, kí wọ́n wá fi Mátíù tó ní 28 kádìí rẹ̀. Gbogbo Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ orí 89. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń ka orí kan lójúmọ́ á ti bá Olúwa rìn láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù dé òkè Ólífì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Inú Lẹ́fítíkù ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rì sí, kì í ṣe pé ìwé yẹn burú, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ Kristi dáadáa kò ní rí I nínú àwọn ẹbọ wọ̀nyẹn.

Báyìí ni kí wọ́n ṣe pín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Méjì fún ìdákẹ́jẹ́: kí èèyàn jókòó, kó mí, kó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wálẹ̀. Mẹ́fà fún kíkà, kí ètè máa mì, kí etí ara ẹni sì gbọ́ ọ. Bí a bá ń fi ojú lásán kà, ojú á dé ìsàlẹ̀ ìwé nígbà tí ọkàn ti dé ọjà. Mẹ́ta fún kíkọ, bírò àti ìwé, ìlà mẹ́ta péré: Kí ni Jésù sọ? Kí ni Ó ṣe? Irú ẹni wo ni èyí fi hàn pé Ó jẹ́? Mẹ́rin tó kù, àdúrà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra lórí ìdáhùn kẹta yẹn. Àwọn kan á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà: "Olúwa á wò mí sàn bó ṣe wo adẹ́tẹ̀ yẹn." Ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè náà. Nínú Máàkù 1:41, àánú ṣe É, Ó na ọwọ́ Rẹ̀, Ó sì fi kan adẹ́tẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ yẹn dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nǹkan. Ibẹ̀ ni ìfọkànsìn ti yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní tòótọ́, nínú ọ̀pọ̀ àdúrà tí a ń gbà lónìí, orúkọ Jésù ti di òǹtẹ̀ tí a ń lù sí ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀. Látòkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tá, ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ ọkọ, nígbà tó bá kan ìlà ìkẹyìn, "ní orúkọ Jésù." Kì í ṣe pé ó burú láti bèèrè. Òun fúnra Rẹ̀ ló ní ká bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ìdajì àdúrà yẹn jẹ́ sísọ ohun tí a rí nípa Rẹ̀ nínú orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, kí a yìn Ín fún un, kí a tó sọ̀rọ̀ ara wa.

Àwọn nǹkan tó ń bà á jẹ́ rèé. Orí ibùsùn: béèyàn bá gbàdúrà ní ìdùbúlẹ̀, oorun á gbé e lọ. Àga kan, kó kọjú sí ògiri, kó má kọjú sí fèrèsé tó kọjú sí títì. Kí Bíbélì, ìwé àti bírò ti wà lórí àga náà láti alẹ́, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ń wá bírò ni ọkàn fi ń sá lọ. Kí iná tó ń lo bátìrì wà nítòsí, torí a ò mọ ìgbà tí NEPA máa mú iná. Ẹni tó bá sì sùn ní aago méjìlá kò lè jí ní aago márùn-ún kó jí pẹ̀lú ọkàn. Láti alẹ́ ni òwúrọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ọ̀kan tó kù yìí ló sì burú jù: tí wọ́n bá pa ọjọ́ kan jẹ, kí wọ́n má ka orí méjì lọ́jọ́ kejì láti fi san án. Gbèsè ló máa ń lé èèyàn sá. Kí wọ́n kàn ka èyí tó kàn.

Atúnfóònùṣe (Ìkẹ́nnẹ́):

Ìyá wa ti sọ ọ̀pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba apá fóònù.

Ẹ ra aago ìdájí lọ́tọ̀, èyí tó ń lo bátìrì. Àwáwí tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé "fóònù ló ń jí mi." Ọwọ́ tó pa aago lórí fóònù kò ní kúrò níbẹ̀, ojú ti rí iye méséèjì tó wọlé lóru. Lẹ́yìn náà, kí fóònù sùn ní pálọ̀, lórí ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí i, kó má sùn ní yàrá. Tí ìdí kan bá wà tí kò fi lè kúrò ní yàrá, bóyá ìyá arúgbó kan wà nílé tí wọ́n lè pè nípa rẹ̀ lóru, ẹ fi í sí "Do Not Disturb," kí ẹ wá yan nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta tó lè wọlé. Tó bá jẹ́ "airplane mode" lẹ fi í sí, ìpè kankan kò ní wọlé, àmọ́ aago ìdájí á ṣì dún.

Tó bá kan WhatsApp, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni kúrò nínú gúrúpù ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ gúrúpù náà, ẹ lọ sí "Mute," ẹ mú "Always," kì í ṣe wákàtí mẹ́jọ. Ẹ wá fi sí "Archive" kí ó kúrò lójú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lóòjọ́ ni kí wọ́n máa ṣí i, ká sọ pé aago méjìlá ọ̀sán àti aago méje alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá gúrúpù lẹ ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù: ẹ lọ sí ìṣètò gúrúpù, ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìkéde á wà, "Ẹ káàárọ̀" ọgọ́rùn-ún á dópin, àwọn àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá náà á dópin.

Fún Facebook, TikTok àti YouTube, ọ̀pọ̀ fóònù Android ní "Digital Wellbeing" nínú Settings, iPhone ní "Screen Time." Kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí wọ́n lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n má tíì yí nǹkan kan padà. Ẹnu á ya ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n fi gbèdéke sí i, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè yọ gbèdéke náà fúnra wọn. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ àdúrà máa béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lálẹ́ Ọjọ́rú. Ìtìjú yẹn máa ń ṣiṣẹ́ ju nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ.

Bíbélì orí fóònù ńkọ́? Ó dára fún ìrìn-àjò àti fún wíwá ẹsẹ. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀, Bíbélì bébà ni kí wọ́n lò. Lójú fóònù, ọ̀rọ̀ Olúwa àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta bàtà wà nínú ilé kan náà, ẹni tó ń ta bàtà ló sì máa ń ké jù.

Alàgbà_Ìpẹru:

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ti bá àwọn èèyàn wí, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ò fi mọ Kristi ni pé a kì í sọ̀rọ̀ Rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún wọn ní Sọ́ńdè pàápàá.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ mú bébà kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí i: orin, ìkéde, ọrẹ àti ìkówójọ, ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí, àdúrà, Bíbélì kíkà, ìwàásù. Kí ẹ wo aago, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan fún Sọ́ńdè mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Lábẹ́ ìwàásù, ẹ tún ka iye ìṣẹ́jú tí oníwàásù fi sọ̀rọ̀ ohun tí Jésù ṣe tàbí tí Ó sọ, yàtọ̀ sí iye tó fi sọ̀rọ̀ àṣeyọrí àti ọ̀tá. Sọ́ńdè kan ò tó, torí ìkórè tàbí ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ kan lè bọ́ sí i.

Tí ẹ bá ti ní bébà mẹ́ta, ẹ mú u lọ bá pásítọ̀ tàbí fíkà ní kọ̀rọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Ẹni tó bá gbé e síbẹ̀ ti sọ ọ́ di ìjà. Ẹ bèèrè nǹkan méjì péré: kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara pátákó kí wọ́n má máa kà á tán, kí ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí sì di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún gbogbo àwọn tí wọ́n bí lóṣù náà. Ìṣẹ́jú tó bá yọ, kí wọ́n fi ka orí Ìhìn Rere kan látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ Anglican ti ní ẹ̀kọ́ kìíní, ẹ̀kọ́ kejì àti Ìhìn Rere nínú ìsìn yín tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́dọ̀ yín ni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń yan ẹni tó máa kà á. Ẹ fún un ní ìwé láti Ọjọ́bọ̀, kó kà á sókè nílé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ti ọ̀wàńbẹ̀, àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni kò yẹ kí wọ́n kọ́ ní ayẹyẹ. Ẹ̀tọ́ ni ká bá ẹni tó bímọ yọ̀, ká sì bá ẹni tó ṣòfò kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ pé. Kì í ṣe owó aṣọ ẹbí nìkan o. Gèlè wà níbẹ̀, owó télọ̀, bàtà, ọkọ̀, ẹ̀bùn, owó tí a fẹ́ ná olórin. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìlà kan, kí ẹ tó sọ pé "màá gba aṣọ." Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ṣe òdiwọ̀n. Fún àwọn yòókù, ẹ kí wọn nílé ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fún wọn ní ẹ̀bùn. Níbi tí ẹ bá lọ, ẹ dìde ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá padà délé ní aago mọ́kànlá ti ná Sọ́ńdè rẹ̀ tán.

Rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa ní Ìjẹ̀bú, àti Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí wọ́n ti ń lọ kí ọba, náà wà níbẹ̀. Àwọn ìpàdé, aṣọ, owó oṣooṣù, ìmúra láti bí oṣù mélòó kan.

Arábìnrin_Ìjẹ̀bú_Igbó:

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, mo tọrọ gáfárà, níbi Ojúde Ọba yìí, mi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ni lọ́dún, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìlú ń kí ọba rẹ̀, Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ ń jókòó. Kì í ṣe ọjọ́ kan yẹn ló ń fún irúgbìn pa. Ọjọ́ 364 tó kù ni. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ lójoojúmọ́ lè wọ aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́, kó lọ, kó bọ̀, ìfẹ́ rẹ̀ sí Olúwa kò ní dín. Tí a bá ń fi ẹ̀bi kan àjọ̀dún, ṣe la ń jẹ́ kí fóònù lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni àdúrà ìdílé, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Orin kan. Ẹsẹ 15 sí 20 nínú Ìhìn Rere tí bàbá tàbí ìyá ń kà lọ́wọ́, kí ọmọ tó mọ̀wé kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ: "Kí lẹ rí tí Jésù ṣe níbí?" Lẹ́yìn náà, àdúrà kúkúrú mẹ́ta. Nǹkan méjì ló máa ń pa á. Èkíní, kí bàbá sọ ọ́ di ìwàásù ìṣẹ́jú 40. Èkejì, kí a fi ibẹ̀ bá ọmọ wí fún èsì ìdánwò. Ọmọ tí wọ́n ti bá wí ní ibi àdúrà lẹ́ẹ̀mẹta á máa sá fún àdúrà, á sì rò pé Ọlọ́run ló ń sá fún.

Alàgbà_Ìpẹru:

Arábìnrin, ẹ ṣé. Mo gbà fún yín lórí ọjọ́ kan yẹn. Àwọn ìpàdé tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa kà mọ́ iye alẹ́ tí wọ́n ń ná.

Ìyá_Kíláàsì (Ṣágámù):

Ará_Òkè_Ajé, méjìlá lo pe ẹgbẹ́ yín, àbí? Gbọ́ ìtàn nọ́ńbà yẹn. Ní Bristol, ní ọdún 1742, gbèsè ilé ìjọsìn ló mú kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó wà lọ́dọ̀ John Wesley, aṣáájú wọn, pín ara wọn sí èèyàn méjìlá méjìlá, kí olórí kan máa gba kọ́bọ̀ kan kan lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n rí i bí ẹ̀mí àwọn èèyàn náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ èèyàn méjìlá yẹn ni wọ́n ń pè ní kíláàsì. Láti ọ̀dọ̀ owó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá di ọ̀rọ̀ ọkàn. Lọ́dọ̀ àwa, lọ́pọ̀ ibi, ó ti yí padà sí owó kíláàsì àti ìwé tí wọ́n ń sàmì sí. Ó dùn mí gan-an.

Ìjẹ̀bú-Òde yín náà ní tirẹ̀. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà, àwọn díẹ̀ láti ìjọ Anglican St. Saviour's ló kóra jọ láti gbàdúrà, Joseph Shadare wà lára wọn. Láti inú àwọn díẹ̀ yẹn ni apá kan nínú ìgbòkègbodò Aládùúrà ti ṣàn. Kí a má gbàgbé ohun kan: nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fi ìran àti àlá rọ́pò Ìhìn Rere, Kristi náà á tún di ẹni tí wọ́n ń dárúkọ ní ìparí.

Nítorí náà, báyìí ni kí Ọjọ́rú yín rí. Wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíka ibi kan nínú orí tí gbogbo yín ti kà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjìlá, 36 nìyẹn. Ìbéèrè méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan á dáhùn: kí lo rí lára Jésù lọ́sẹ̀ yìí, níbo lọ́sẹ̀ yìí ti já lọ́wọ́ rẹ? Kí a má gba ara wa nímọ̀ràn níbẹ̀, kí ohunkóhun má jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tó kù, kí olúkúlùkù gbàdúrà fún ẹni tó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Kí ẹnì kan mú aago dání. Láìsí aago, ẹni tó lẹ́nu jù á gba ìṣẹ́jú 20, àwọn onítìjú mẹ́rin ò ní sọ̀rọ̀ rárá.

Ará_Òkè_Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ẹ ṣé, Alàgbà, àti gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù. Méjì nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń kúrò nílé kí wọ́n tó kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Wọn ò lè jí ní aago mẹ́ta láti wá jókòó sórí àga.

Atúnfóònùṣe (Ìkẹ́nnẹ́):

Kí wọ́n má gbìyànjú rẹ̀. Oorun náà, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Kí wọ́n gbé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí àkókò ìsinmi ọ̀sán, nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ tàbí nínú ilé ìjọsìn tó bá wà nítòsí ibiṣẹ́. Fún inú bọ́ọ̀sì, Bíbélì tí wọ́n ń kà sétí ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n dáńlóòdù Máàkù sílẹ̀ láti ilé, kí wọ́n pa dátà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí etí kan ṣoṣo kí wọ́n lè gbọ́ bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá pè wọ́n. Bí wákàtí kan ààbọ̀ ni gbogbo Máàkù ń gbà béèyàn bá ń kà á sókè, ó lè tán kí wọ́n tó dé Èkó. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n gbọ́ orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ìlà mẹ́ta Ìyá wa, kí wọ́n kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá dé ibiṣẹ́, kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà.

Ará_Òkè_Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ó yé mi. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀, Máàkù orí 1. Ìwé méjìlá àti bírò méjìlá ni màá kọ́kọ́ lọ rà.